Kámẹ́rà inú igbó tó ń sun ìta lọ́dún yípo: kí ló ń pa á gan-an?

Ajíṣọ́gbó

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kámẹ́rà inú igbó méjì ni mo ní, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ igi, tó máa ń ya fọ́tò fúnra rẹ̀ bí ẹran bá kọjá níwájú rẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni mo rà wọ́n, irú kan náà sì ni wọ́n. Mo so ọ̀kan sábẹ́ igi ńlá kan létí odò, mo so èkejì sí gbangba níbi tí ìgalà máa ń gbà kọjá. Láti ìgbà náà n ò tú wọn wálé rí, ì báà jẹ́ òjò, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ti lé lọ́dún méjì ààbọ̀ báyìí.

Ti etí odò ti dákẹ́. Fọ́tò rẹ̀ kọ́kọ́ ń ṣú bí ẹni pé èéfín bò ó. Nígbà tó yá, fọ́tò ọ̀sán bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí ẹni po osùn sí i: ewé pupa, ilẹ̀ pupa, ẹran pupa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo débẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò tan. Bẹ́ẹ̀ wọ́n kọ IP66 gàdàgbà sára páálí rẹ̀, mo sì ti gbà pé omi ò lè rí i gbé ṣe.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé ká máa tú u wálé lásìkò òjò ni, àbí ká fi í sílẹ̀ níta? Ọdún mélòó ló sì yẹ kó lò?

Bàbá Síkúrúù

Kú ìrọ́jú, àbúrò. Má fi IP66 búra. 6 àkọ́kọ́ ń sọ pé eruku ò ráyè wọlé. 6 kejì ń sọ pé wọ́n fi omi alágbára fín in láti ìhà gbogbo, kò sì ṣe é ní nǹkan. Èyí tí wọ́n ń rì sínú omi tó jìn ní mítà 1 fún ìṣẹ́jú 30, IP67 nìyẹn. Àmọ́ ẹ̀rọ tuntun ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo ìdánwò yìí. Rọ́bà etí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣì rọ̀, kò sí iyanrìn lára rẹ̀, oòrùn ò tíì sá a gbẹ. Kò sẹ́ni tó ń so ó mọ́ igi fọ́dún méjì kó tó wá fín omi sí i.

Mo ti tú tó 40 irú ẹ̀ wò lórí tábìlì mi. Òjò tó ń lù ú lórí kọ́ ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Bátìrì tó da omi sínú ni mo máa fi ṣáájú, lẹ́yìn náà rọ́bà, lẹ́yìn náà èèrà. Irú bátìrì wo lo fi sí i?

Ajíṣọ́gbó

Alkaline ni, ẹ̀gbọ́n. Mẹ́jọ ló ń gbà.

Bàbá Síkúrúù

Mo mọ̀! Ṣí i, kó o wo súpíríǹgì tó ń ti ìdí bátìrì. Bó o bá rí nǹkan funfun tó dà bí iyọ̀ tó dì mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ ti parí. Potassium hydroxide ló ń jò jáde nínú alkaline tó bá ti tán tí wọn ò tètè yọ, kì í sì í dúró síbi tó ti jò. Ó máa ń tẹ̀lé wáyà lábẹ́ ike tó bò ó, díẹ̀díẹ̀, títí á fi dé orí bọ́ọ̀dù, pátákó tí wọ́n to àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ náà sí. Mo ti rí wáyà tó mọ́ lóde ara, tí mo fi ọ̀bẹ là á, tí inú rẹ̀ ti dúdú bí èédú.

Bí kò bá tíì jìnnà, fi ìbọ̀wọ́ sọ́wọ́, rẹ òwú sínú fínígà díẹ̀, kó o fi nù ún. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ásíìdì ló jò jáde, kì í ṣe ásíìdì rárá, òdìkejì rẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí nǹkan kíkan fi ń ṣẹ́gun rẹ̀. Lẹ́yìn náà, fi sípíríìtì nù ún lẹ́ẹ̀kejì, kó o jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Má sì po bátìrì tuntun mọ́ èyí tó ti lò rí. Èyí tó ti rẹ̀ yẹn ló máa kọ́kọ́ jò.

Ìyá Ẹyẹ

Bàbá Síkúrúù, mo gbà fún yín lórí bátìrì, àmọ́ fọ́tò tó ń ṣú bí èéfín tí Ajíṣọ́gbó sọ yẹn, ọ̀rinrin nìyẹn. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó. Omi ò nílò ihò kó tó wọ kámẹ́rà. Àwa fúnra wa la máa ń gbé e wọlé. Ẹ ó dé ìdí igi láàárọ̀ kùtù tí ìrì ṣì ń kán, ẹ ó ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀ láti pààrọ̀ káàdì tó ń tọ́jú fọ́tò, afẹ́fẹ́ tútù yẹn á wọlé, ẹ ó wá tì í mọ́ ibẹ̀ gbọn-in. Tílẹ̀ bá ṣú, tí ara kámẹ́rà bá tutù, omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ yẹn á jáde, á lẹ̀ mọ́ ojú lẹ́ǹsì láti inú. Bí oòrùn bá yọ, á tún gbẹ. Lójoojúmọ́ ni, fún ọdún méjì! Irin wo ló fẹ́ gba irú ìyà yẹn tí kò ní dógùn-ún?

Èmi kì í ṣí ti èmi títí oòrùn á fi kanrí, tí ewé gbogbo á ti gbẹ. Mo sì máa ń fi silica gel sínú ilé bátìrì, àpò kan níbi tí kò ti ní dí ìlẹ̀kùn lọ́wọ́.

TuntunNíbí

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé silica gel yẹn ni wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà, tí wọ́n kọ "má ṣe jẹ ẹ́" sí lára? Mo ní púpọ̀ nínú dúrọ́ọ̀.

Ìyá Ẹyẹ

Òun ni, ọmọ mi, àmọ́ èyí tó wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ ti mu omi yó tipẹ́. Bó ṣe wà ní gbangba ló ti ń mu ún. Wá irú èyí tó ń yí àwọ̀ padà, tó máa ń jẹ́ bí àwọ̀ ọsàn nígbà tó bá gbẹ, tó sì ń di àwọ̀ ewé bó bá ti yó. Bó bá ti yó, má sọ ọ́ nù. Da hóró rẹ̀ sínú àwo irin, kó o gbé e sínú ààrò oníná ní nǹkan bí 120 °C fún wákàtí méjì, á padà gbẹ. Àpò ike rẹ̀ kọ́ lo máa gbé síbẹ̀ o. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, òórùn rẹ̀ ò kúrò nílé fún ọjọ́ mẹ́ta.

Arìnrìn-òru

Ẹ má bínú sí mi, àmọ́ gbogbo ìtọ́jú yìí ti pọ̀ jù. Mo ní ọ̀kan tó ti lo ọdún karùn-ún lórí igi kan náà. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo ń ṣí i lọ́dún. Ẹni tó ń ṣí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ torí pé ara rẹ̀ ò gbà á kó dúró ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á. Bátìrì lithium, èyí tí kò ṣeé gbà sí iná, ni mo ń lò. Ó ń ṣiṣẹ́ láti -40 °C títí dé 60 °C, kì í sì í sábà da omi bíi ti alkaline. Mo ra káàdì ńlá, mo fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Bàbá Síkúrúù

Fún lithium, òótọ́ lo sọ. Ẹni tó bá fi alkaline sí i tó tún lọ fún oṣù mẹ́fà ni mò ń bá wí. Alkaline tó ti kú, bó bá pẹ́ nínú ooru, ó sábà máa ń jò.

Ọmọ Yìnyín

Níbi tí mo ń gbé, yìnyín ni ìṣòro tiwa. Alkaline máa ń ṣe bí ẹni tó ti kú bí òtútù bá mú gan-an, bílẹ̀ bá sì móoru díẹ̀, á tún jí. Ẹ̀yin tó ń lo páńẹ́ẹ̀lì sólà pẹ̀lú bátìrì lithium-ion tó ń gba iná, ẹ ṣọ́ra: kò yẹ kó máa gba iná nígbà tó bá tutù ju 0 °C lọ, ó ń ba inú rẹ̀ jẹ́, kì í sì í padà bọ̀ sípò.

Nǹkan kan tún wà. Bẹ́ ẹ bá tú kámẹ́rà wálé láti inú òtútù, ẹ má gbé e wọ yàrá tó móoru lásán. Ẹ fi í sínú ọ̀rá, ẹ di ẹnu rẹ̀ níta, ẹ fi í sílẹ̀ nínú ilé fún wákàtí mélòó kan kẹ́ ẹ tó ṣí i. Bẹ́ẹ̀ kọ́, omi á bo ara rẹ̀ lóde àti nínú bí ìgò omi tútù. Torí náà, ẹni tó ní ká máa tú u wálé kí òjò tàbí òtútù má bàa pa á, ìrìn àjò yẹn gan-an lè pa á.

Ajíṣọ́gbó

Ẹ ṣeun púpọ̀. Kò tíì sẹ́ni tó sọ fún mi nípa fọ́tò tó ń pọ́n yẹn o.

Ìyá Ẹyẹ

Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu. Gíláàsì tín-ín-rín kan wà lẹ́yìn lẹ́ǹsì. Lọ́sàn-án, ó máa ń bo ojú ibi tí kámẹ́rà fi ń ríran kí infrared inú oòrùn, irú ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ò rí, má bàa ba àwọ̀ jẹ́. Bílẹ̀ bá ṣú, irin òòfà kékeré kan á fà á kúrò, kí kámẹ́rà lè rí ìmọ́lẹ̀ LED tirẹ̀, infrared ni òun náà, tí ojú wa ò rí dáadáa. Bó o bá dúró tì í ní ìrọ̀lẹ́, wàá gbọ́ "kẹ́". Bí ọ̀rinrin tàbí eruku bá mú un, kò ní padà sáyè rẹ̀ mọ́, fọ́tò ọ̀sán á wá máa pọ́n tàbí kó jọ àwọ̀ àlùkò, ti òru á sì mọ́ rekete. Bó o bá fi ọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó lè já fún ọjọ́ díẹ̀. Àmọ́ àmì ni. Láti ìgbà tó ti ń pọ́n ló ti ń sọ fún ẹ pé ara òun ò yá.

Ajíṣọ́gbó

Háà. Oṣù mẹ́rin ló fi sọ fún mi.

Atúnǹkanṣe

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti èmi náà, kẹ́ ẹ lè rẹ́rìn-ín. Ike funfun tó wà níwájú, èyí tó bo sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ ooru ara ẹran, oòrùn sá ti èmi títí ó fi là bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Èèrà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ wọlé. Mo ní kò burú, mo gé gíláàsì kékeré kan, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ó dán, ó mọ́, mo tiẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi. Mo gbé e padà sórí igi. Oṣù méjì, kò ya ẹyọ fọ́tò kan. Ìgbà tí mo dé tí mo dúró níwájú rẹ̀, tí mo ń jó, kò dá mi lóhùn ni mo tó mọ̀.

Bàbá Síkúrúù

😂 Gíláàsì kì í jẹ́ kí ooru ara kọjá! Ìmọ́lẹ̀ ń kọjá, àmọ́ ooru tí sẹ́ńsọ̀ yẹn ń wá ò lè gbà á kọjá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo ike tín-ín-rín, tí wọ́n sì fi ìlà róbótó-róbótó sí ara rẹ̀ kó lè kó ooru jọ sójú kan. Torí pé ó tín-ín-rín náà ni oòrùn fi ń tètè pa á. Òun ni mo máa ń kọ́kọ́ wò lára kámẹ́rà tó bá wà ní gbangba.

Ajíṣọ́gbó, èkejì rẹ tó wà níta gbangba ńkọ́?

Ajíṣọ́gbó

Ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ara rẹ̀ ti ń pá, bí mo bá fọwọ́ kàn án ó ń fi ẹfun sí mi lọ́wọ́. Àmọ́ ó dà bíi pé ojú rẹ̀ ti ń fọ́. Lọ́sàn-án gangan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹran á kọjá, mo rí ẹsẹ̀ wọn nílẹ̀, kò sí fọ́tò.

Ìyá Ẹyẹ

Èyí ò tíì túmọ̀ sí pé ó ti bà jẹ́. Ìyàtọ̀ láàárín ooru ara ẹran àti ooru ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ ń wá. Bí ilẹ̀ bá gbóná tó ara ẹran, kò rí ìyàtọ̀. Wò ó ní òru kó o tó dá a lẹ́jọ́. Àmọ́ bó o bá lè gbé e kúrò níbi tí oòrùn àárọ̀ tàbí ti ìrọ̀lẹ́ ti ń wò ó lójú, gbé e kúrò.

Olùtọpasẹ̀

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi iye kan sí i. Iṣẹ́ ìwádìí kan wà ní Tanzania tí wọ́n ń pè ní Snapshot Serengeti, ọdún 2010 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Kámẹ́rà 225 ni wọ́n tò sórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó 1,125 km², ọdún yípo ni wọ́n sì fi wọ́n síta. Láàárín 2010 sí 2013, tí wọ́n bá ro ọjọ́ tí kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan fi ṣiṣẹ́ pọ̀, 99,241 ni. Ẹ wá ṣírò ọ̀nà kejì: 225 lọ́nà 365, lọ́nà ọdún mẹ́ta, ó lé ní 246,000. Kò tó ìdajì.

Ẹ má sọ pé mo ní ẹ̀rọ ló kú ní gbogbo ìyókù o. Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, káàdì ń kún, bátìrì ń tán, koríko ń hù dí lẹ́ǹsì, erin ń fi ara ha igi, ìkookò ń gé e jẹ láti mọ ohun tó jẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹni tó bá fi kámẹ́rà kan ṣoṣo síta má retí pé òun á rí ọjọ́ 365 nínú ọdún. Àwọn tó fi í ṣiṣẹ́ ṣe náà ò rí i.

Arìnrìn-òru

Ti ẹranko yẹn, àpótí irin ló gbà mí. Ọ̀bọ kan ti fà á, ó ti bínú, ó ti lọ. Ẹ sì rántí pé igi ń sanra. Bẹ́líìtì tí mo fà le gbọn-in lọ́dún àkọ́kọ́ ti wọ inú èèpo igi lọ́dún kẹta, kámẹ́rà wá ń wo ojú ọ̀run. Mo fi oṣù kan gbáko ya fọ́tò ìkùukùu.

TuntunNíbí

Èèrà tí ẹ̀yin àgbà ń sọ, báwo ni wọ́n ṣe ń rọ́nà wọlé bí rọ́bà bá ṣì dára?

Bàbá Síkúrúù

Ihò tí ohùn ń gbà wọ gbohùngbohùn, ihò tí wọ́n ń ki wáyà sólà bọ̀ tí ẹnì kan ti sọ ìdérí rẹ̀ nù, ojú ike tó ti là. Inú kámẹ́rà móoru, ó gbẹ, ọ̀tá ò sí níbẹ̀. Ilé ọ̀fẹ́ ni. Mo ti ṣí ọ̀kan tí ẹyin èèrà bo gbogbo bọ́ọ̀dù bí ìrẹsì. Má fín oògùn sí inú rẹ̀ o, oògùn mìíràn ń jẹ ike. Dí ihò tó ò lò.

Ajíṣọ́gbó

Mo ti padà dé, mo sì ti tú ti etí odò lórí aṣọ funfun lánàá. Bàbá Síkúrúù, ẹ jókòó kẹ́ ẹ tó ka èyí: bátìrì mọ́! Gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Súpíríǹgì ń dán. Kò sí èèrà, ike iwájú ò là.

Mo wá fi tọ́ọ̀ṣì yí rọ́bà etí ìlẹ̀kùn ká. Ní ìsàlẹ̀, lápá òsì, koríko gbígbẹ kan wà lórí rẹ̀, kò gùn tó èékánná mi, kò nípọn ju irun lọ. Ó dá bùú rọ́bà náà, ó sì ti tẹ̀ ẹ́ títí ó fi ní ojú àpá. Láti ibi tí koríko yẹn wà, ìlà kan tó dà bí ti omi ṣíṣàn, àwọ̀ ilẹ̀, lọ sókè tààrà sídìí bọ́ọ̀dù. Níbi tí ìlà náà parí sí ni wáyà pẹlẹbẹ tó lọ sí lẹ́ǹsì ti wọlé, gbogbo ẹnu ibẹ̀ ti di àwọ̀ ewé.

Mo rántí ọjọ́ náà. Ilẹ̀ ti ń ṣú, tọ́ọ̀ṣì wà lẹ́nu mi, ẹ̀fọn ń jẹ mí, mo pààrọ̀ káàdì, mo pa ìlẹ̀kùn dé, mo sá. N ò nu nǹkan kan.

Bàbá Síkúrúù

Ó dáa, mo ti jókòó. Mo gbà. Bátìrì kọ́.

Kí èkejì má bàa tẹ̀lé e, mú bébà pẹlẹbẹ kan, fi í sí ẹnu ìlẹ̀kùn, ti ìlẹ̀kùn dé, kó o fà á. Bó bá di í mú, rọ́bà ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bó bá yọ wọ́ọ́rọ́, ibẹ̀ ni omi máa gbà. Ṣe é yí ká. Lẹ́yìn náà, kó o fi gíríìsì silikóònù díẹ̀ pa rọ́bà náà, kó kàn máa dán ni, kó má nípọn. Má fi fásẹ́líìnì pa á, ó máa ń mú kí rọ́bà mìíràn wú.

Ti ọdún tó o béèrè, mi ò ní purọ́ fún ẹ, kò sí iye kan. Nínú àwọn tó dé orí tábìlì mi, èyí tó wà lábẹ́ ibòòji tí wọ́n ń nu rọ́bà rẹ̀ máa ń tó ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún. Èyí tó wà nínú oòrùn tí wọ́n ń sáré pa dé, ọdún méjì ló pọ̀ jù.

Ajíṣọ́gbó

Mo ti ṣe ti bébà. Apá mẹ́ta di í mú. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìlẹ̀kùn ti ń ṣí, ó yọ bí ẹni fà á nínú ìwé. Mo nu rọ́bà náà, mo fi gíríìsì pa á, mo tún un dán wò, ó ti di í mú báyìí, àmọ́ kò le tó ti àwọn apá yòókù. Mo ti gbé e lọ sábẹ́ igi, mo fi silica gel sí i, mo sì ti yọ alkaline.

Arìnrìn-òru

Ká tó gbàgbé, fọ́tò ìgalà náà dà? Kò sẹ́ni tó fi ẹyọ kan hàn wá látàárọ̀.

Ajíṣọ́gbó

Ó wà nínú káàdì, káàdì sì wà nínú kámẹ́rà. Òjò ń rọ̀ níbí. Ó di ọjọ́ tí oòrùn bá ràn, ní ọ̀sán gangan, kí n tó ṣí i.